Kéèkì mi wú, ó rì, ó tún ní adùn ọṣẹ: kí ni béékìn sóódà fi mí ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́Oníkéèkì:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti àná ni ojú ti ń tì mí, ẹ má sì fi mí rẹ́rìn-ín jù.

Ọmọ mi pé ọdún mẹ́fà, mo ní kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe kéèkì fún un. Ìyẹ̀fun ife mẹ́ta, bọ́tà, ṣúgà funfun, ẹyin mẹ́rin, wàrà tútù. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ní kí n fi béékìn páúdà ṣíbí kékeré mẹ́ta sí i. Mo gbé agolo béékìn páúdà, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ṣí i, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Páálí béékìn sóódà ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, odindi, n kò tíì já a. Mo wo àwọn méjèèjì: funfun ni wọ́n, lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n, orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ. Mo ní bí ẹ̀gbọ́n kò bá sí nílé, àbúrò á jẹ́ iṣẹ́ náà. Mo bu ṣíbí mẹ́ta, mo dà á sí i.

Ẹ ò rí nǹkan! Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kéèkì ti ga kọjá etí agolo tí mo dà á sí. Inú mi dùn, mo pe ọmọ kó wá yọjú wò ó lẹ́nu ófùn. Ibi tí a ti ń wò ó báyìí, àárín rẹ̀ jìn wọlé, gbogbo rẹ̀ sì wolẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́. Nígbà tí mo gbé e jáde, òkè rẹ̀ ti pọ́n jù, inú rẹ̀ sì rí rúsúrúsú. Mo tọ́ ọ wò: ó korò, ó ń ta lẹ́nu bí ẹni lá káún, adùn ọṣẹ sì dúró sí mi lọ́fun. Ọmọ jẹ ẹ̀kán kan, ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ fọ kéèkì yìí ni?"

Ṣé sóódà mi ti bàjẹ́ ni àbí èmi ni mo bà á jẹ́? Kí ló yà á sọ́tọ̀ sí béékìn páúdà gan-an? Páálí náà ṣì kún dẹ́múdẹ́mú. Bí kò bá ṣeé fi ṣe kéèkì, kí ni kí n fi ṣe nínú ilé?

---

ÌyáFúláwà:

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kò sí ẹni tó ń yan nǹkan tí èyí kò ṣe rí. Láti ogún ọdún ni mo ti ń fi kéèkì jẹun, irú rẹ̀ sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀; tèmi tilẹ̀ bú jáde débi pé mo fi ọ̀bẹ ha á kúrò nínú ófùn.

Sóódà rẹ kò bàjẹ́. Ó pọ̀ jù ni. Agbára béékìn sóódà tó ti béékìn páúdà ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí: ìyẹ̀fun ife kan, béékìn páúdà ṣíbí kékeré kan. Bó bá jẹ́ sóódà, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tó fún ife kan náà, ìyẹn bí nǹkan kíkan bá wà nínú àpòpọ̀ náà. Ìwọ fi ṣíbí mẹ́ta sí ife mẹ́ta. Ìlọ́po mẹ́rin ohun tó yẹ nìyẹn, o ò sì fi nǹkan kíkan kankan sí i.

Tíṣà á wá sọ ìdí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti ń ka èyí lọ́wọ́, torí kò sí ohun tí ọkùnrin yẹn fẹ́ràn tó ọ̀rọ̀ sóódà.

---

TíṣàKẹ́mísírì:

Mo ti dé, Ìyá Fúláwà, ẹ ṣé tí ẹ kéde mi.

Akẹ́kọ̀ọ́, jókòó dáadáa. Ọdún 33 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì kí n tó fẹ̀yìn tì, ìbéèrè rẹ yìí gan-an ni mo sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí ásíìdì, ìyẹn nǹkan kíkan, torí bí mo bá ti dárúkọ kéèkì, àwọn tó ń sùn lẹ́yìn kíláàsì á jí.

Nǹkan ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú páálí sóódà rẹ: sódíọ̀mù báíkábọ́néètì, tí àwa ń kọ ní NaHCO₃. Álíkálì tí kò le ni, ìyẹn irú nǹkan tó ń pa ásíìdì. Gáàsì kábọ́nì dáyọ́ksáìdì wà nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, ásíìdì ló sì ní kọ́kọ́rọ́. Bí omi bá wà, tí ásíìdì sì kàn án, gáàsì á tú jáde, omi díẹ̀ á ṣẹ́kù, irú iyọ̀ kan tí kò ṣeni ní nǹkan á sì ṣẹ́kù pẹ̀lú. Wàrà kíkan ní ásíìdì. Yọ́gọ́ọ̀tì ní in, oyin ní in, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ní in, ṣúgà tó pọ́n náà ní díẹ̀. Padà lọ wo ohun tí o kó pọ̀: wàrà tútù, ẹyin, bọ́tà, ṣúgà funfun. Kò sí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání nínú wọn.

Ṣùgbọ́n kéèkì rẹ wú. Ta ló wá ṣí ilẹ̀kùn? Iná ni. Bí ooru bá ti ń kọjá bíi 50°C, sóódà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú fúnra rẹ̀. Bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i ló ń yára sí i. Àmọ́ ìdajì ilẹ̀kùn ni iná lè ṣí:

2NaHCO₃ → Na₂CO₃ + H₂O + CO₂

Wò ó dáadáa. Sóódà méjì wọlé, gáàsì ẹyọ kan ló jáde. Gáàsì kejì wà lọ́dọ̀ Na₂CO₃, ìyẹn sódíọ̀mù kábọ́néètì. Ṣé o mọ iṣẹ́ tí ìyẹn ń ṣe nínú ayé? Òun ni wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tà fún àwọn tó ń fọ aṣọ. Álíkálì rẹ̀ le ju ti béékìn sóódà lọ gidigidi: bí a bá fi ìwọ̀n pH (èyí tó bá ju 7 lọ, álíkálì ni) wọn àwọn méjèèjì nínú omi, sóódà á wà ní nǹkan bíi 8.3, tọ̀hún á sún mọ́ 11. Ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn kò purọ́ mọ́ ẹ o. Nǹkan ìfọṣọ ló tọ́ wò.

Ní ti pé ó pọ́n jù, álíkálì ló fà á. Nígbà tí purotéènì àti ṣúgà bá pàdé nínú ooru, wọ́n máa ń fúnni ní àwọ̀ pupa àti òórùn dídùn tó ń wà lára búrẹ́dì àti ẹran yíyan. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1912. Inú álíkálì, ìgbésẹ̀ yìí máa ń sáré. Díẹ̀ dára, á jẹ́ kí bisikíìtì pọ́n bó ṣe yẹ. Púpọ̀ rẹ̀ ló ṣe tìrẹ báyìí. Inú rẹ̀ tó rí rúsúrúsú ńkọ́? Àwọn àwọ̀ kan wà nínú ìyẹ̀fun tí a kì í rí, àfi bí álíkálì bá kàn wọ́n ni wọ́n á yọ jáde.

Wàyí o, kí ló dé tó fi wolẹ̀? Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n lò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé sóódà ló ń dá ihò inú kéèkì. Rárá o. Ìwọ ni o dá wọn, nígbà tí o ń po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí ó fi funfun, tí o sì ń lu ẹyin. Afẹ́fẹ́ tín-ín-tín tí o lù wọ inú rẹ̀ nígbà yẹn ni gáàsì ń wọ̀ lọ bá, tí á máa fẹ̀ ẹ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ń da gbogbo nǹkan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ tún ń fi ṣíbí kún béékìn páúdà kí ó lè fúyẹ́, ẹ ti gbọ́.) Lẹ́yìn náà, bí kéèkì ṣe ń gbóná, ẹyin á dì, ìyẹ̀fun á fa omi mu, ògiri ihò wọ̀nyẹn á gan. Ọ̀rọ̀ àkókò ni: gáàsì gbọ́dọ̀ fẹ ihò náà, ògiri sì gbọ́dọ̀ gan kí gáàsì tó jáde tán. Tìrẹ, gáàsì pọ̀, ó sì dé kí ògiri tó gan. Ihò kan ya mọ́ èkejì, èkejì ya mọ́ ẹ̀kẹta, wọ́n di ihò ńláńlá, wọ́n gòkè, wọ́n bẹ́. Ohun tó kù wolẹ̀.

Kí o lè mọ bó ṣe pọ̀ tó: ṣíbí kékeré kan gba sóódà tó gíráàmù 5. Nínú gíráàmù 84 sóódà, ásíìdì lè yọ gáàsì gíráàmù 44. Ṣíbí kan yóò fún ọ ní gíráàmù 2.6, tí yóò gba àyè tó lítà 1.4 nínú yàrá. Ìwọ bu mẹ́ta. Ká tilẹ̀ sọ pé iná yọ ìdajì péré, ó ju lítà 2 lọ, kí ooru tó tún fẹ̀ ẹ́ sí i. Níbo lo fẹ́ kí ó gbà?

Ó ku béékìn páúdà. Sóódà kan náà ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá wà. Wọ́n ti fi ásíìdì gbígbẹ sí i, wọ́n sì fi sítáàṣì àgbàdo là wọ́n láàárín. Sítáàṣì yẹn ló ń mu ọ̀rinrin kí àwọn méjèèjì má baà bẹ̀rẹ̀ sí í jà nínú agolo. Ìgbà tí o bá da omi sí i ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ báyìí máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí irú ásíìdì méjì ni wọ́n fi sí i: ọ̀kan ń jí bí omi bá kàn án, èkejì ń dúró de ooru ófùn. Tìẹ́ yìí, ká ní òun lo lò, ásíìdì rẹ̀ ì bá ti bá sóódà rẹ̀ parí, kì bá sí ohun tí yóò kù láti di nǹkan ìfọṣọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ kó wọn sínú agolo kan, ìyàwó rẹ̀ ló fà á. Alfred Bird, oníkẹ́mísírì tó ń po oògùn ní ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìyàwó kan, Elizabeth, tí ara rẹ̀ kọ ìwúkàrà tó ń wú búrẹ́dì. Kò lè jẹ búrẹ́dì tí gbogbo ayé ń jẹ. Ní 1843, ọkọ rẹ̀ po sóódà, cream of tartar àti sítáàṣì pọ̀ fún un. Cream of tartar yìí, ásíìdì gbígbẹ tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú àgbá wáìnì ni. Ó wọ́n. Ìdí nìyẹn tí Eben Horsford, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard ní Amẹ́ríkà, fi wá ásíìdì mìíràn, tó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1856. Egungun ẹran ló kọ́kọ́ ń yọ ọ́ lára. Mo máa ń fi èyí pamọ́ di ìparí ẹ̀kọ́ kí àwọn ọmọ lè kígbe.

Bí agolo bá tún ṣófo mọ́ ọ lọ́wọ́: sóódà ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí, cream of tartar ìdajì ṣíbí, ó ti di béékìn páúdà ṣíbí kan. Bí cream of tartar kò bá sí, lo sóódà ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí náà, kí o sì fi ìdajì ife wàrà kíkan tàbí yọ́gọ́ọ̀tì rọ́pò wàrà tútù. Ìyẹn jẹ́ fún ìyẹ̀fun ife kan.

---

Akẹ́kọ̀ọ́Oníkéèkì:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ibi egungun yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún rí ìlànà kan tó ní kí èèyàn fi béékìn sóódà ÀTI béékìn páúdà sí i pọ̀. Ṣé àṣìṣe ni? Báwo sì ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bí èyí tó wà nílé bá ti kú?

---

ÌyáFúláwà:

Kì í ṣe àṣìṣe. Ká sọ pé kéèkì náà ní wàrà kíkan díẹ̀. Sóódà tí ásíìdì inú wàrà yẹn lè bá ṣiṣẹ́ kò tó láti gbé gbogbo kéèkì sókè, béékìn páúdà á gbé èyí tó kù. Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé èèyàn ò fẹ́ kí gbogbo kíkan náà lọ, torí ó fẹ́ mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Sóódà tó bá pọ̀ á pa á, ni wọ́n ṣe ń fi béékìn páúdà gbè é.

Ṣọ́ra fún páúdà kòkó. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn ní ásíìdì nínú, sóódà á bá a ṣiṣẹ́. Èyí tó dúdú dáadáa tí kò korò, wọ́n ti fi álíkálì fọ̀ ọ́, ásíìdì rẹ̀ ti lọ. Mo ti ba kéèkì ìgbéyàwó jẹ́ nítorí èyí. Òkè mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ dì bí bíríkì, ní ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó. Mo fi gbogbo òru ṣe òmíràn. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń ka ara páálí kòkó bí ẹni ń ka ìwé ẹjọ́.

Láti mọ̀ bó bá ti kú: da omi gbígbóná lé béékìn páúdà ìdajì ṣíbí. Bó bá hó yaya, ó wà láàyè. Bó bá kàn ń ta pọ́ pọ́ díẹ̀, dà á nù. Ti sóódà, fínígà ni kí o kán lé e, kì í ṣe omi. Sóódà kì í tètè kú bí o bá dì í lẹ́nu. Béékìn páúdà ni ọ̀rinrin ń pa, torí náà má fi ṣíbí tútù bọ inú agolo rẹ̀.

Bí o bá sì ti po o tán, gbé e wọ ófùn. Má dáhùn fóònù. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lè ní sùúrù díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ sóódà àti wàrà kíkan nìkan, àti ìgbà tí o ti da wàrà sí i ni gáàsì ti ń lọ.

---

Ajẹbisikíìtì:

Ìyá Fúláwà, mo ra nǹkan kan tí wọ́n pè ní ammonia fún bisikíìtì. Mo ṣí i, omi bọ́ lójú mi. Ṣé ó ṣeé jẹ ṣá?

---

ÌyáFúláwà:

Ó ṣeé jẹ, bí nǹkan tí o fẹ́ yan bá tẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń di gáàsì àti oruku omi nínú ófùn, kò ní ṣẹ́kù nǹkan kan tí yóò korò, ìdí nìyẹn tí bisikíìtì rẹ̀ fi ń dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu. Inú kéèkì tó nípọn, òórùn burúkú yẹn kò ní rí ọ̀nà jáde. Má ṣe é. Ṣí fèrèsé, má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé tọ́ ọ wò ní tútù.

---

ỌgáÌmọ́tótó:

Ẹ ti gbàgbé ìbéèrè rẹ̀ kẹta. Arábìnrin, páálí yẹn, wúrà ni! Fi sóódà àti fínígà pọ̀, kò sí ohun tí kò lè fọ̀. Èmi máa ń da àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ike, mo dé e, mo ń lò ó díẹ̀díẹ̀. Ojú ihò omi ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀, ara ògiri, gbogbo rẹ̀ ni.

---

TíṣàKẹ́mísírì:

Ọ̀gá mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣí ike yẹn kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Gáàsì ń jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá dé e pa nígbà tí ó ṣì ń hó, ó lè bẹ́ síni lójú.

Ẹ ti dé? Ó dáa. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni èyí. Sóódà ń fọ nǹkan torí pé álíkálì ni: ó ń tú ọ̀rá, ó sì ní hóró tó ń ha ìdọ̀tí tí kò ní ha àwo. Fínígà ń fọ nǹkan torí pé ásíìdì ni: ó ń jẹ ìpẹ́ funfun tí omi líle máa ń fi sílẹ̀ sára kẹ́tùlù. Bí ẹ bá da àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n á pa ara wọn. Nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ife fínígà, tó jẹ́ mílílítà 70, máa pa sóódà ṣíbí kékeré kan pátápátá. Ohun tó kù nínú ike yín lẹ́yìn tí híhó bá tán, omi àti iyọ̀ kan ni, èyí tí à ń pè ní sódíọ̀mù asitéètì. Omi iyọ̀ lẹ fi ń nu ògiri láti ọjọ́ yìí.

Ojú ihò omi, mo gbà fún yín díẹ̀, torí híhó yẹn lè gbọn ìdọ̀tí tí kò tíì le kúrò lára ihò, pàápàá bí omi gbígbóná bá tẹ̀ lé e. Irun àti ọ̀rá tó ti dì níbẹ̀ kò ní gbọ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo àwọn méjèèjì, ẹ lò wọ́n tẹ̀ léra: ẹ fi sóódà ha á, ẹ ṣan án, kí fínígà tó dé. Ẹ má sì jẹ́ kí fínígà pàdé bílíìsì láé. Gáàsì klorínì ló ń jáde níbẹ̀, ó sì lè pa èèyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí èmi ń fi sóódà ṣe nílé rèé. Ìkòkò tó jóná, bí kì í bá ṣe alumínọ́ọ̀mù: da omi sí i, sóódà ṣíbí ńlá méjì, jẹ́ kó hó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o fi í sílẹ̀ kó tutù. Ohun tó jóná mọ́ ìsàlẹ̀ á máa ṣí bí èèpo. Alumínọ́ọ̀mù ni kí o yọ sílẹ̀, torí álíkálì máa ń mú un dúdú.

Òórùn inú fíríìjì: bọ́tà àti wàrà tó ti bàjẹ́, ásíìdì ni òórùn wọn, sóódà á gbà á. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ sínú àwo pẹlẹbẹ; bí o bá gbé páálí síbẹ̀ tí o ya igun rẹ̀ kan, ojú tó fi ń gba òórùn kéré jù. Òórùn ẹja ńkọ́? Sóódà kò ní lè ṣe nǹkan kan fún un, torí òórùn ẹja fúnra rẹ̀ álíkálì ni. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà ni kí o fi wẹ ọwọ́ rẹ. Ìyàwó mi ti ń ṣe èyí kí n tó fẹ́ ẹ. Ohun tí mo kàn ṣe ni pé mo sọ ìdí rẹ̀ fún un, kò sì dúpẹ́.

Fàdákà tó ti dúdú, eléyìí á jọ idán lójú ọmọ rẹ. Fi bébà alumínọ́ọ̀mù tẹ́ inú abọ́, kó fàdákà lé e kí wọ́n fara kanra, wọ́n sóódà sí i, kí o da omi tó ń hó lé e. Dúdú yẹn, fàdákà tí imí ọjọ́ ti bá ni. Imí ọjọ́ á fi fàdákà sílẹ̀, á lọ bá alumínọ́ọ̀mù. O máa gbọ́ òórùn bí ẹyin díbàjẹ́. Èyí dára ju fífi nǹkan ha á lọ, torí fàdákà kì í dín kù. Má ṣe é sí èyí tí òkúta iyebíye wà lára rẹ̀.

Bí òróró bá gbiná nínú páànù kékeré, pa iná ẹ̀rọ ìdáná, kí o fi ìdérí bò ó. Bí ìdérí bá jìnnà, da sóódà púpọ̀ lé e. Sóódà o! Béékìn páúdà ní sítáàṣì nínú, ìyẹ̀fun náà ń gbiná, omi sì ni kí o má tilẹ̀ rò. Bí iná náà bá ti ju páànù lọ, kó ọmọ rẹ kí ẹ jáde.

---

AyàŃTaMí:

Tíṣà, èmi máa ń po ṣíbí kan sínú omi mu nígbà tí àyà bá ń ta mí lẹ́yìn oúnjẹ. Ó máa ń rọlẹ̀ kíá. Ẹ ò dárúkọ ìyẹn.

---

TíṣàKẹ́mísírì:

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Òótọ́ ni pé ó máa ń pa ásíìdì inú ikùn. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù tó wà nínú ṣíbí kékeré kan ju mílígíráàmù 1,200 lọ, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó 2,000 ní gbogbo ọjọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Rántí lítà 1.4 gáàsì tí mo ṣírò lókè yẹn pẹ̀lú. Ikùn tó ti kún fún oúnjẹ lo fẹ́ dà á sí? Àwọn dókítà ti rí ẹni tí ikùn rẹ̀ ya bẹ́ẹ̀; kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀. Bí àyà bá ń ta ọ́ lemọ́lemọ́, dókítà ni kí o lọ rí, kì í ṣe èmi.

---

ỌgáÌmọ́tótó:

Mo ti ṣí ike náà. Ó mí "fíìì" bí táyà. Ẹ ṣé o, Tíṣà.

---

Akẹ́kọ̀ọ́Oníkéèkì:

Mo padà wá jábọ̀. Mo tún un ṣe lánàá. N kò tíì ra béékìn páúdà, mo lo sóódà, àmọ́ mo fi yọ́gọ́ọ̀tì rọ́pò wàrà: yọ́gọ́ọ̀tì ife kan àti ààbọ̀, sóódà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣíbí, fún ìyẹ̀fun ife mẹ́ta. Mo po bọ́tà àti ṣúgà títí apá fi ń ro mí. Fóònù dún, n kò gbé e. Ó wú jẹ́jẹ́, ó dúró síbi tó wú dé. Igun kan lára rẹ̀ wọ́ díẹ̀, mo rò pé ófùn mi ló tẹ̀.

Agolo tí mo fi ṣe ti àkọ́kọ́, tí ìdí rẹ̀ ti jóná, sóódà náà ni mo fi sè é. Ó mọ́.

Ọmọ jẹ ègé méjì. Ó ní kò sí ọṣẹ nínú èyí. Ó wá gba gègé pupa lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí sóódà, "KÌ Í ṢE EYI," láìfi àmì sí i. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.